Ó Ku Ẹnì Kan

Ọjọ́ kẹta ẹ̀kọ́ wa nílé ìwòsàn Badágrì,
òjò àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lórí páànù,
àwa ògbufọ̀ mẹ́fà jókòó lórí bẹ́ǹṣì:
Ègùn lẹ́nu, Yorùbá lẹ́nu,
Faransé táṣẹ́rẹ́ tí a rà bọ̀ láti Sẹ̀mẹ̀ bí ẹni ra ṣúgà.
Èmi ni mo gbọ́n jù nínú wọn. Mo rò bẹ́ẹ̀.
Ègùn ni ìyá ìyá mi ní Àjárá fi rẹ̀ mí lẹ́kún;
n kì í wá ọ̀rọ̀ tì.

Abilékọ Fadérera tó ń kọ́ wa kì í pariwo.
Ó kọ́kọ́ pa fáànù tó ń dún kíì, kíì, lókè orí wa.
A ní, "Ooru ń mú o." Ó ní, "Ẹ ó là á."
Ó ní kí n bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ mi tó ń ró.
"Ohun tí ẹ̀yin gbọ́ bí ẹ̀fọn,
ọmọ mìíràn ń gbọ́ ọ bí ẹ̀rọ ìlọta."

Lẹ́yìn náà ni Bọ́lárìnwá dìde,
ó ń tún fóònù ṣe ní Ìbẹ̀rẹ̀kò,
ọ́tísíìmù ni wọ́n pe tirẹ̀ nígbà tó ti gbó irùngbọ̀n.
Ó kọjú sí fèrèsé, ó ń bá wa sọ̀rọ̀:
"Ní kékeré, dókítà ní kí n fọkàn balẹ̀.
Mo wo ilẹ̀ títí. N kò rí ọkàn kankan.
Nọ́ọ̀sì ní kí n yá òun létí.
Mo fọwọ́ méjèèjì bo etí mi, mo sá jáde."
A rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.
Ó dúró kí tiwa tán, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Ìgbà náà ni wọ́n wọlé láti Gbẹ̀rẹ̀fú,
ìyá kan, ọmọkùnrin ọdún méje kan,
yanrìn etíkun nínú bàtà wọn.
Sẹ̀wànù kò wo ẹnikẹ́ni,
ó ń tú okùn àgbọn kan, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan.
Dókítà béèrè orúkọ rẹ̀.
Mo gbé e sí Ègùn, ó dán bí àwo.
Ọmọ ní, "E pò mẹ dopo."
"Kí ló wí?"
"Kò wí nǹkan kan, sà. Ọ̀rọ̀ lásán ni."
Bírò kọ ọ́ sílẹ̀: kò sọ̀rọ̀.
"E pò mẹ dopo," ó ń mì síwá, ó ń mì sẹ́yìn,
"e pò mẹ dopo, e pò mẹ dopo."
Ìyá ní ọ̀nà ọmọ òun yàtọ̀;
mo túmọ̀ rẹ̀ pé, "Ó ní kò gbọ́n tó."

Abilékọ Fadérera fi ìka kan tẹ tábìlì.
"Ta ló ní kí o yọ ọ̀rọ̀ ọmọdé dànù,
kí o wá bu tìrẹ sẹ́nu ìyá rẹ̀?"
Ojú tì mí. Òógùn ń ṣàn wọ etí mi.
Mo ní, "Ẹ má bínú. Ọ̀nà rẹ̀ yàtọ̀ ni wọ́n wí.
Ọmọ náà ní, 'Ó ku ẹnì kan.'"

Ìyá la ọ̀rọ̀, mo sì tẹ̀lé e, n kò bu iyọ̀ sí i:
igbe atukọ̀ ni, ní èbúté wọn,
bí ọkọ̀ bá fẹ́ kún.
Ibi yòówù tó bá sú Sẹ̀wànù,
ohun tó máa ń wí nìyẹn.
Láti ìgbà tó ti wọlé ló ń bẹ̀ wá pé ká jẹ́ kóun máa lọ,
ní èdè tí mo mu mọ́ wàrà.

Dókítà fa igi gba ohun tó kọ; ìwé náà ya díẹ̀.
Ó ní, "Kí ni ẹ ń pe ọ́tísíìmù ní Ègùn?"
Mo wá a, mo wá a tì.
Ìyá ní orúkọ lè dúró,
kí a kọ́kọ́ sọ bí ọmọ òun yóò ṣe máa sùn lóru.

Nírọ̀lẹ́ mo sìn wọ́n dé etí ọ̀sà.
Atukọ̀ kígbe. Sẹ̀wànù dá a lóhùn,
ohùn kan náà, títí kan ikọ́ tó gbẹ̀yìn rẹ̀.
Ọkùnrin náà sún fún un níwájú ọkọ̀.
Obìnrin kan tó gbé garawa bi mí pé,
"Kí lọmọ yẹn ń wí?"
Mo wo ìyá rẹ̀ ná.